Ara Ọmọ Ti Yá, Ẹ̀rù Ò Tíì Lọ

Ọmọ ọdún méjì tí wọ́n dá dúró sí ọsibítù nítorí ibà líle, ì báà jẹ́ ní Ẹ̀gbẹ̀ tàbí ní Kàbà, kò mọ̀ pé àìsàn ló gbé òun débẹ̀. Ohun tó mọ̀ ni pé wọ́n di òun mú, wọ́n gún òun, ìyá òun sì dúró tó ń wò. Abẹ́rẹ́ ibà líle kì í dín sí mẹ́ta: ọ̀kan lójú ẹsẹ̀, ọ̀kan lẹ́yìn wákàtí 12, ọ̀kan nígbà tó bá pé wákàtí 24. Wọ́n lè gba ojú abẹ́rẹ́ omi tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ fún un, ṣùgbọ́n tí ọwọ́ yẹn bá wú, wọ́n á tún wá iṣan míì. Wíwá iṣan yìí ló ń dẹ́rù ba àwọn ọmọ jù.

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n tẹ́ ọmọ gbalaja tí kò bá pọn dandan. Ẹ ní kí nọ́ọ̀sì jẹ́ kí ẹ gbé e sórí itan, àyà rẹ̀ mọ́ àyà yín, kí ẹ fi ọwọ́ kan gbá ẹ̀yìn rẹ̀ mú, kí ẹ fi ìkejì di apá tí wọ́n fẹ́ lò. Èyí tó ṣì ń mu ọmú, ẹ ti fi ọmú sí i lẹ́nu kí abẹ́rẹ́ tó wọlé, kó máa mu ún títí wọn á fi ṣe tán. Àfi tí mímí bá ń ni ín lára tàbí tí kò mọ ibi tó wà, nítorí ọmú lè gba ọ̀nà èémí lọ. Èyí tó ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀, ẹ má sọ fún un pé kò ní dùn ún. Ẹ sọ pé á dùn ún díẹ̀, tí ẹ bá jọ ka ení dé àárùn-ún, ó ti tán.

Yíyọ́ lọ ra oúnjẹ nígbà tí ọmọ bá sùn kò dáa. Tó bá jí tí kò rí yín, kò ní fẹ́ sùn mọ́. Ẹ dágbére, kó sunkún tó bá fẹ́ sunkún, kí ẹ fi gèlè tí ẹ ti wé sílẹ̀ fún un, láìfọ̀ ọ́. Láti oṣù mẹ́fà sí ọdún mẹ́rin ni èyí le jù. Ọmọ tó ti dákẹ́, tí kò ṣeré, tí gbogbo èèyàn ń pè ní ọmọ dáadáa, ẹ fi tó nọ́ọ̀sì létí: bí kì í bá ṣe pé ó ti sọ̀rètí nù, àìsàn náà lè ti le sí i.

Ọ̀rọ̀ ọ́síjìn ńkọ́? Àwọn kan gbà pé òun ló ń pa ọmọ, torí ọmọ tó bá kú, wọ́n sábà máa ń ti fi sí i nímú. Àìsàn tó le ló mú kí wọ́n fi sí i, òun náà ló sì pa á. Ìyá tó bá yọ ọ́ lóru nítorí ohun tí àlejò sọ lọ́sàn-án ń pa ọmọ lára. Àlejò tó wá sọ ìtàn ọmọ tó kú ní bẹ́ẹ̀dì, ẹ fọ̀wọ̀ mú un jáde kúrò ní wọ́ọ̀dù.

Tí wọ́n bá ní kí ẹ máa gbé e lọ sí ọsibítù míì ní Ìlọrin tàbí Lọ́kọ́ja, àyà bàbá náà á já. Ẹ bi wọ́n: kí ló wà níbẹ̀ tí kò sí níbí? Kí ni wọ́n á kọ́kọ́ ṣe? Ta ló ń bá wa lọ nínú ọkọ̀? Kí ẹ sì gba lẹ́tà tí ẹ máa mú lọ síbẹ̀.

Àwọn ọmọ yín tó kù, tí ẹ ti kó lọ sọ́dọ̀ ìyá àgbà, kì í sẹ́ni tó ń sọ nǹkan kan fún wọn. Èyí tó lu àbúrò rẹ̀ lánàá lè rò pé òun lòun fa àìsàn. Ẹ sọ fún un pé ẹ̀fọn ló jẹ ẹ́.

Tí ẹ bá padà délé, ọmọ tó ṣàìsàn náà lè máa tọ̀ sílé, kó máa ké lóru, kó má jẹ́ kí ìyá rẹ̀ nìkan lọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Kì í ṣe ìwàkiwà, ẹ má nà án. Ẹ pọ̀n ọ́n. Bó bá ń fi igi ìgbálẹ̀ gún ọmọlangidi, ẹ jẹ́ kó máa gún un. Ẹ̀rù rẹ̀ ló ń lé jáde. Ní ọ̀pọ̀ ọmọ, ó máa ń lọ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Tó bá kọjá oṣù kan, ẹ gbé e padà wá sí ọsibítù. Ìyá tí kò rí oorun sùn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, tí ọmọ ti ń sáré kiri, kí òun náà sọ fún wa ní ọsibítù.

Ẹ má fi nọ́ọ̀sì dẹ́rù bà á nítorí oúnjẹ. Tí ọjọ́ àyẹ̀wò bá sì pé, àárọ̀ ọjọ́ náà ni kí ẹ sọ fún un, kí ẹ sọ òótọ́ bóyá abẹ́rẹ́ á wà.