Kọ̀ǹpútà tó ń kú sẹ́nu iṣẹ́ àwòrán

Bí kọ̀ǹpútà orí tábìlì bá ń kú sẹ́nu géèmù tàbí fídíò ìnáwó tí wọ́n ń gé, ohun tí wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ sọ ní ṣọ́ọ̀bù, láti Ìgbọ̀nà dé Òkè-Fìà ní Òṣogbo, ni pé: "Fáírọ́ọ̀sì ni. Ẹ jẹ́ ká fọ́máàtì ẹ̀." Wọ́n á fọ́máàtì, wọ́n á gbowó. Á ṣe dáadáa ní ṣọ́ọ̀bù, torí Word àti orin nìkan ni wọ́n fi dán an wò. Tó bá délé, tí wọ́n tún ṣí géèmù, ó tún di gbàgà.

Fáírọ́ọ̀sì kì í jókòó de géèmù kó tó ṣe ibi. Kọ̀ǹpútà tó ń fi Word ṣiṣẹ́ látàárọ̀ dalẹ́, tó jẹ́ àwòrán ńlá nìkan ló ń pa á, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé ebi iná ló ń pa á.

Bó ṣe ń kú ló máa sọ ohun tó pa á. Tójú rẹ̀ bá kàn ṣókùnkùn díẹ̀ tó sì padà, driver, ètò tó ń jẹ́ kí Windows lè lo káàdì àwòrán, ló dákú: Windows dúró dè é fún ìṣẹ́jú àáyá 2, kò dáhùn, ló bá tún un gbé dìde. Tó bá ń ṣiṣẹ́ lọ, tí faànù ń han gooro, tó wá kú lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú, ooru ni; kí wọ́n ṣí i, kí wọ́n fẹ́ eruku ọyẹ́ inú rẹ̀ dànù. Ìyẹn ò le. Èyí tó le ni èyí tó kú fin-ín bí ìgbà téèyàn fa wáyà rẹ̀ yọ.

Ojú mónítọ̀ ló yẹ kéèyàn kọ́kọ́ wò. Tí mónítọ̀ náà bá kú, UPS tàbí iná ilé ni. Tó bá ṣì ń tàn, tó kọ "No signal", inú àpótí lọ̀rọ̀ wà, lọ́dọ̀ power supply, ẹ̀rọ tó ń pín iná fún gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀.

Gbogbo wa la mọ jẹ́nẹ́rétọ̀ kékeré tó gbé bọ́ọ̀bù, faànù àti tẹlifíṣọ̀n láìmikàn, títí ẹnì kan fi ki áyọ́ọ̀nù bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì. Á kérora, bọ́ọ̀bù á pọ́n, ará ilé á pariwo pé ta ló ń lọṣọ, ẹni tó ń lọṣọ á ní òun kọ́. Áyọ́ọ̀nù yẹn ni graphics card, káàdì tó ń gbé àwòrán sójú mónítọ̀. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé power supply kì í kérora. Ihò tí wọ́n ki káàdì sí lè fún un ní wáàtì 75, wáyà oníhò mẹ́jọ kan lè fún un ní 150, ṣùgbọ́n káàdì lè ṣàdédé gbé ju ìwọ̀n tí wọ́n kọ sí i lára lọ, kìkì fún ìwọ̀nba ìdá ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá. Power supply tó gbọ́n á rí i, á sì pa ara rẹ̀ kí nǹkan má baà jóná. Ọgbọ́n gidi nìyẹn. Àléébù rẹ̀ ni pé kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni.

Windows pàápàá ò mọ̀. Kernel-Power 41, ìlà tó ń sọ pé kọ̀ǹpútà kú lójijì, tó ń kọ sínú Event Viewer, ìwé àkọsílẹ̀ ìṣẹ̀lẹ̀ rẹ̀, ìgbà tó jí tán ló kọ ọ́. Ọ̀pọ̀ ló ń pe 41 yìí lórúkọ àìsàn. Ẹni tó dákú tó jí, tó ní "mo ṣubú" ni. Kò mọ ohun tó gbé e ṣubú.

Wọ́n lè kọ 500W gàdàgbà sára power supply. Ìlà +12V ni kéèyàn wò, torí ibẹ̀ ni graphics card àti processor ti ń jẹun. Tí wọ́n bá kọ 16A síbẹ̀, ẹ fi 12 sọ ọ́ di púpọ̀: wáàtì 192 péré. Irọ́ inú 500 nìyẹn.

Láti dá a mọ̀, kí wọ́n fi MSI Afterburner, ètò tí wọ́n fi ń darí graphics card, rẹ power limit káàdì, ìyẹn ìwọ̀n iná tó lè jẹ, sílẹ̀ sí nǹkan bí 70%, kí wọ́n tún ṣí géèmù kan náà. Tí kò bá kú mọ́, ebi ni. Mítà tí wọ́n fi ń wọn iná lè sọ pé 12V wà láàárín 11.4 sí 12.6 tó yẹ kó wà, síbẹ̀ kò dá power supply láre, torí ojú mítà ò yá tó láti rí ìdá ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá. Power supply àyálò tó lágbára ló ń parí ẹjọ́. Tó bá tún kú lórí ìyẹn, ó kan graphics card fúnra rẹ̀, kí wọ́n gbé e sínú kọ̀ǹpútà ẹlòmíì wò. Fọ́máàtì ṣì wà lẹ́yìn gbogbo ìyẹn.