Bí a ṣe ń wá orísun ariwo àjèjì nínú ẹ́ńjìnnì pikọ́ọ̀pù

Pikọ́ọ̀pù tó ń kó gaàrí àti igi láti ọ̀nà Ọ̀dẹ̀dá wọ Abẹ́òkúta kì í sinmi: ẹrù kún ẹ̀yìn rẹ̀, òkè sì ń dúró dè é nínú ìlú. Bí ariwo tí kò sí tẹ́lẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ohun tó kọ́kọ́ ń wá sọ́kàn awakọ̀ ni pé ẹ́ńjìnnì ti fẹ́ nọ́ọ̀kì. Ìbẹ̀rù yìí ló ń mú kí wọ́n tú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì tí kò yẹ kí wọ́n tú. Ìgbà tí ariwo náà ń wáyé, àti bó ṣe ń yára tó, ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ fetí sí kí sípánà tó kan ohunkóhun.

Ọ́ìlì la máa ń kọ́kọ́ yẹ̀ wò. A ó pa ọkọ̀ sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, a ó dúró bí ìṣẹ́jú márùn-ún kí ọ́ìlì tó wà lókè lè ṣàn padà sísàlẹ̀, a ó wá fa géèjì yọ. (Ilẹ̀ títẹ́jú kò wọ́pọ̀ ní ọgbà àwọn mẹkáníìkì wa, géèjì tí wọ́n sì fà lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ irọ́ ló ń pa.) Bí ọ́ìlì bá ti lọ sílẹ̀ jù, a ó fi irú rẹ̀ kún un, a ó sì tún fetí sílẹ̀, nítorí ariwo tíntìntín orí ẹ́ńjìnnì sábà máa ń lọ pẹ̀lú ìyẹn nìkan. Bí ọ́ìlì bá funfun bí ẹni pé omi ti dà mọ́ ọn, ó ṣeé ṣe kí tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ohun tó dí àárín orí ẹ́ńjìnnì àti bulọ́ọ̀kù rẹ̀, ti jó. Bí a bá sì rí ìwónwó irin tó ń dán nínú rẹ̀, bẹ́ríǹ kan ti ń jẹ lọ nísàlẹ̀.

Lẹ́yìn ọ́ìlì, bí ariwo ṣe ń yára tó ló kàn. Ẹ́ńjìnnì máa ń fa afẹ́fẹ́, yóò tẹ̀ ẹ́ pọ̀, yóò jó epo, yóò sì tú èéfín síta. Kí ìgbésẹ̀ mẹ́rin yìí tó parí, kíráńkí, ọ̀pá ńlá ìsàlẹ̀ tí àwọn písítìn ń yí, á ti yí lẹ́ẹ̀mejì, ṣùgbọ́n kámúṣáàfù, ọ̀pá tó ń ṣí fáàfù (ilẹ̀kùn afẹ́fẹ́ àti èéfín), á yí lẹ́ẹ̀kan péré. Nítorí náà, bí ẹ́ńjìnnì tí ọkọ̀ rẹ̀ dúró bá ń yí ní ìgbà 800 láàárín ìṣẹ́jú kan, fáàfù tí àyè rẹ̀ ti fẹ̀ jù yóò dún ní ìgbà 400, ìyẹn bíi mẹ́fà tàbí méje ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, nígbà tí ohun tó bá so mọ́ kíráńkí lè dún tó ìlọ́po méjì rẹ̀. Ìka tó yá lè fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti fáàfù lọ lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Kò sí ìka tó lè bá ìkejì. Síbẹ̀, ìdánwò yìí kò tó dá ẹjọ́, torí pé kọ́ńrọ́ọ̀dù (ọ̀pá tó so písítìn mọ́ kíráńkí) mìíràn wà tó jẹ́ pé ìgbà tí epo bá jó nìkan ló ń kan, tí yóò sì yára bíi ti fáàfù.

Láti mọ ibẹ̀ gan-an, àwọn mẹkáníìkì a máa lo sukudíráfà gígùn: wọ́n á fi ẹnu rẹ̀ kan ara ẹ́ńjìnnì, wọ́n á sì gbé èèkù rẹ̀ ti egungun iwájú etí. Ibi tí ohùn bá ti le jù ni orísun rẹ̀ sún mọ́. Aṣọ tó ní apá gbígbòòrò kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ fáànù nígbà tí èyí bá ń lọ. Kí a sì rántí pé nọ́sù tó ń fọ́n epo náà ń dún tá-tá-tá, ìyẹn kì í ṣe àrùn.

Àwọn ariwo kan wà tó jẹ́ pé òwúrọ̀ nìkan ni wọ́n ń wá. Hilux onípẹtiróòlù 2.7 ń lo ṣéènì láti yí kámúṣáàfù rẹ̀, ohun tó ń fa ṣéènì náà le sì nílò ọ́ìlì. Bí ó bá ti rẹ̀ ẹ́, yóò pariwo ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́ fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn tí a bá ṣáná. Mánífóòlù, páìpù tó ń gba èéfín lára ẹ́ńjìnnì, tó ń jò lẹ́bàá sàlẹ́ńsà náà ń dún bíi fáàfù, àmọ́ irin a máa wú bó bá gbóná, ihò náà á sì fúnra rẹ̀ dí. Bẹ́líìtì tó ń han goorogo, omi díẹ̀ la máa ń wọ́n sí i: bí ariwo bá dá díẹ̀ tó tún padà, ara bẹ́líìtì ni ìṣòro wà, bí kò bá yí padà, ó yẹ kí a fura sí bẹ́ríǹ púlè (kẹ̀kẹ́ kékeré tí bẹ́líìtì ń yí lé lórí) tàbí ti ohun tó ń fúnni níná.

Ariwo tó jẹ́ pé àfi bí ọkọ̀ bá gbẹ́rù gun òkè ló ń wá, tó sì ń dákẹ́ bí a bá ti yí sí jíà kékeré, epo tó ń jó ṣáájú àkókò rẹ̀ ni. Epo tí kò dára, èédú tó ti dì sórí písítìn tàbí ẹ́ńjìnnì tó ń gbóná jù ló sábà ń fà á. Dísẹ̀lì ní tirẹ̀, ariwo ni wọ́n fi dá a. A kì í fura sí i àfi bí písítìn kan bá ń kan le ju àwọn yòókù lọ, ìyẹn sì sábà jẹ́ ti nọ́sù.

Èyí tó kù ló burú jù: ìró tó wúwo láti ìsàlẹ̀, gbì-gbì-gbì, bíi ti òòlù igi tí wọ́n fi ń lu àdìrẹ kó lè dán. Kì í lọ bí ẹ́ńjìnnì bá gbóná, ó sì lè túbọ̀ hàn nígbà tí a bá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná ọkọ̀. Lára ẹ́ńjìnnì onípẹtiróòlù, a ó máa já wáyà nọ́sù ọ̀kọ̀ọ̀kan fúngbà díẹ̀. Èyí tí ìró náà bá rọlẹ̀ nígbà tí a já a, bẹ́ríǹ kọ́ńrọ́ọ̀dù ibẹ̀ ló ti jẹ. Lára dísẹ̀lì D-4D ti Toyota, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ tú páìpù nọ́sù nígbà tó ń ṣiṣẹ́, nítorí agbára epo inú rẹ̀ lè kọjá 1,000 báà (òṣùwọ̀n agbára tí ohun fi ń tì), ó sì lè gún awọ ara wọlé. Bí bẹ́ríǹ bá ti jẹ́rìí ara rẹ̀ báyìí, a kò ní wa ọkọ̀ náà débi mẹkáníìkì mọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ Láfẹ́nwá sí Ìta-Ọ̀ṣìn péré: fífà ni kí a fà á. Bẹ́ríǹ ṣeé pààrọ̀, ṣùgbọ́n kọ́ńrọ́ọ̀dù tó bá já lójú ọ̀nà lè lu ihò sára bulọ́ọ̀kù ẹ́ńjìnnì, èyí tó sábà máa ń túmọ̀ sí pé kí a ra ẹ́ńjìnnì mìíràn.