Ìbọn Mànàmáná: Ti Iná Kọ́, Ti Ojú Irin Ni

Bí ọ̀rọ̀ ìbọn tó ń fi iná mànàmáná ta ọta bá délẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní railgun, ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sọ ni pé iná tó ń jẹ ló pọ̀ jù. Wọ́n ní ọjọ́ tí ọkọ̀ ogun bá ti ní ẹ̀rọ amúnáwá tó lágbára tó ni ẹ̀tù máa kógbá sílé. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Ọta kìlógíráàmù 10 tó ń sáré kìlómítà 2.5 ní ìṣẹ́jú àáyá kan gbé agbára bíi megajoule 31 dání (megajoule ni wọ́n fi ń wọn agbára). Agbára tó wà nínú bẹntiróòlù lítà kan náà kò jìnnà síyẹn. Ká tiẹ̀ ní ìdá méjì nínú mẹ́ta iná tá a tú sínú ìbọn ṣòfò, bí a bá ń yìn ín lẹ́ẹ̀mẹ́wàá ní ìṣẹ́jú kan, mẹ́gáwáàtì 16 ti tó o. Ọkọ̀ ogun Zumwalt ti Amẹ́ríkà ní nǹkan bíi 78. Wàhálà ibẹ̀ kò ju pé iná náà gbọ́dọ̀ tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà: nínú ìbọn tó gùn ní mítà 10, ọta ti jáde kí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú àáyá tó pé. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kó iná pa mọ́ sínú kápásítọ̀ rẹpẹtẹ. Ó ń gba àyè lóòótọ́, àmọ́ ó ṣeé ṣe.

Inú ìbọn gan-an ni kiní náà ti ń dàrú. Ojú irin méjì tí wọ́n fi bàbà ṣe ló wà níbẹ̀, tí wọ́n dojú kọra. Alumíníọ̀mù kan há sí àárín wọn lẹ́yìn ọta. Iná á gba ojú irin kan wọlé, á la alumíníọ̀mù kọjá, á sì gba èkejì padà. Agbára òòfà tí iná yìí bí ló ń ti alumíníọ̀mù àti ọta síwájú. Fún ọta tá a sọ lẹ́ẹ̀kan, títì náà gbọ́dọ̀ tó ìwúwo tọ́ọ̀nù 300, iná rẹ̀ sì máa tó mílíọ̀nù ámpíà mẹ́ta àtààbọ̀.

Agbára yìí kan náà ló ń ti ojú irin méjèèjì kúrò lára ara wọn, bíi kó fa ìbọn ya sí méjì. Ìyẹn ṣì kéré. Bí alumíníọ̀mù ṣe ń sáré, iná kì í tàn kárí ara rẹ̀, etí ẹ̀yìn ló máa ń rọ́ lọ. Alumíníọ̀mù kì í sì í kọjá ìwọ̀n ooru 660 ti Celsius kó tó yọ́. Tó bá yọ́ díẹ̀, kò burú, á máa yọ̀ lórí bàbà. Tó bá yọ́ jù, kò ní fara kan bàbà dáadáa mọ́, iná á wá máa fò láàárín àwọn méjèèjì bíi mànàmáná ojú ọ̀run, á sì máa jó ojú bàbà. Eré àsápajúdé yẹn tún máa ń gbẹ́ kòtò kéékèèké sójú irin. Ìgbà tí ẹ bá fẹ́ yìn ín lẹ́ẹ̀kejì, ojú tó ti rí gbágungbàgun, tí alumíníọ̀mù ti dì mọ́, lẹ máa bá níbẹ̀.

Àwọn kan tún ní kì í tini sẹ́yìn, nítorí pé kò lo ẹ̀tù. Irọ́ ni. Ohunkóhun tó bá ta nǹkan síwájú, òun náà á gba títì sẹ́yìn. Kì í sì í ṣe pé kò ń yọ iná lẹ́nu: ara iná funfun tẹ́ ẹ máa ń rí nínú fídíò ni alumíníọ̀mù tó ń jó.

Ọ̀rọ̀ ọta tó ní kọ̀ǹpútà atọ́nà nínú tún wà níbẹ̀. Títì tó máa bá a tó ìlọ́po 30,000 agbára tí ilẹ̀ fi ń fa nǹkan mọ́ra, kọ̀ǹpútà náà sì gbọ́dọ̀ fara dà á.

Lọ́jọ́ 10 oṣù Kejìlá ọdún 2010, àwọn ológun ojú omi Amẹ́ríkà yin irú ìbọn yìí pẹ̀lú agbára megajoule 33 ní Dahlgren, ní Virginia. Ní 2021 wọ́n dáwọ́ iṣẹ́ náà dúró. Japan gba ọ̀nà míì: wọ́n ṣe ìbọn kékeré tó jẹ́ bíi megajoule 5, wọ́n sì gbájú mọ́ bí ojú irin rẹ̀ ṣe máa pẹ́. Ní oṣù Kẹwàá 2023, wọ́n yìn ín láti inú ọkọ̀ lójú òkun. Wọ́n ti yìn ín ju 120 ìgbà lọ lórí ojú irin kan. Ìbọn ẹ̀tù inú ọkọ̀ ogun máa ń ta ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọta kí wọ́n tó pààrọ̀ ọ̀pá rẹ̀.