Ìbéèrè tí olóòtú ń bi ẹni tó kọ ìròyìn àdúgbò rẹ̀

Ìwé ìròyìn àdúgbò kì í ní akọ̀ròyìn tó pọ̀ tó láti rán lọ síbi gbogbo. Èyí tó ń jáde ní ìlú bí Òṣogbo kò lè fi ẹnì kan sí Ọjà Ọba, kí ó fi òmíràn sí Òkè-Fìà, kí ó tún ní ẹni tí yóò wà ní Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun lọ́jọ́ kan náà, nítorí náà àwọn tó ń gbé níbẹ̀ ló gbọ́dọ̀ kọ̀wé sí i. Ètò yìí ti pẹ́. Ìwé Ìròyìn tí Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ sí tẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1859, tí wọ́n ń ta ẹ̀dà rẹ̀ kan ní 120 owó ẹyọ, a máa sọ nípa ìbí, ikú, ìrìbọmi, ẹni tó dé àti ẹni tó lọ, irú ọ̀rọ̀ tí ó jẹ́ pé ẹni tó wà nítòsí ló lè mú un wá.

Fífi àpilẹ̀kọ ránṣẹ́ kò le. Ẹni tó bá kọ orúkọ àti nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sí i, tó fi àwòrán tí òun fúnra rẹ̀ yà kún un, tí kò sì jẹ́ kí ọjọ́ tí wọ́n ń ti ojú ìwé, tí wọn kì í gba àpilẹ̀kọ mọ́, kọjá, ti ṣe èyí tó kàn án. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà ló yẹ kí a dúró lé lórí, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń bínú.

Olóòtú yóò pe ẹni tó kọ̀wé. Yóò ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ta ló rí i? Ṣé ẹ̀yin fúnra yín lẹ wà níbẹ̀? Ẹni tí ẹ dárúkọ yìí, kí ló sọ nígbà tí ẹ bi í?” Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní bàbá, yóò gbọ́ ìbéèrè wọ̀nyí lẹ́nu ọmọ tó lè bí lọ́mọ, yóò sì gbà pé wọ́n pe òun ní òpùrọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í kọ̀wé mọ́ lẹ́yìn ìpè kan ṣoṣo. Àṣìgbọ́ ńlá ni, ó sì ń pa ìròyìn tó dára ju bí èdè tí kò jágaara ṣe ń pa á lọ, nítorí olóòtú lè tún èdè ṣe nínú ilé, ṣùgbọ́n kò lè jókòó sínú ilé kí ó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní àdúgbò ẹlòmíràn.

Nínú ìlú tí a ń ki ní ìlú aró, ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí tètè yéni. Ẹni tó fẹ́ ra àdìrẹ a máa fi omi kan igun aṣọ náà, a sì fi aṣọ funfun nù ún, kí ó lè mọ̀ bóyá aró rẹ̀ ń ṣí. Kò bú aláró. Aláró tó mọṣẹ́ gan-an ni yóò bu omi wá. Aṣọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú ìkòkò aró a máa ní àwọ̀ ewé, afẹ́fẹ́ tó fẹ́ sí i ló ń sọ ọ́ di aró, bí a bá sì fẹ́ kí ó dú dáadáa, a óò rì í, a óò sá a, a óò tún rì í. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìròyìn tí ènìyàn rí lójijì: afárá tí wọ́n ní ó wó lánàá lè wá jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan ló sán, bí afẹ́fẹ́ ọjọ́ méjì bá ti fẹ́ sí i. Nínú àdìrẹ oníko, ibi tí wọ́n bá fi ìko dì ni aró kì í dé. Ibi tí òǹkọ̀wé náà bá dì, funfun ni yóò hàn, olóòtú tó lójú yóò sì béèrè ohun tó wà níbẹ̀. Ó tó gẹ́ẹ́, aró kọ́ la wá kọ́.

Ìdí tí ìbéèrè náà fi pọn dandan ni pé ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ àdúgbò jù náà ni ó ní ìpín jù nínú rẹ̀. Onílé tó kọ̀wé pé ẹnì kan kọ́lé sójú àgbàrá lè jẹ́ ẹni tí òun àti onílé yẹn ti ń fa ilẹ̀ tipẹ́. Bí olóòtú bá ní ẹni tí kò ní ìpín nìkan ni òun yóò gbà, kò ní rí ẹnikẹ́ni tí yóò kọ̀wé. Nítorí náà, kì í ṣe ọkàn òǹkọ̀wé ni ètò náà ń wọ̀n bí kò ṣe ohun tó kọ: ṣé ohun kan wà nínú rẹ̀ tí ẹlòmíràn lè lọ fojú ara rẹ̀ rí, ṣé a sì ti gbọ́ tẹnu ẹni tí a fẹ̀sùn kàn? Bí àgbàrá bá ń ṣàn wọlé lóòótọ́, ìjà ilẹ̀ kò sọ ọ́ di irọ́. Ọgbọ́n tó wà nínú ètò yìí nìyẹn, ó sì jinlẹ̀ ju bí ó ṣe ń dún létí lọ.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ gọ́tà. Àfikún Kẹrin ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti 1999 ka gọ́tà àti òpópónà àdúgbò mọ́ iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, ṣùgbọ́n ìlú Òṣogbo kò sí lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ kan ṣoṣo. Ọ́fíìsì ti Òṣogbo wà ní Òkè-Baálẹ̀, ti Ọlọ́rundá wà ní Ìgbọ́nnà, ọ̀nà kan sì tún lè jẹ́ ti ìpínlẹ̀ tàbí ti ìjọba àpapọ̀. Àpilẹ̀kọ tó bú alága kan nítorí gọ́tà tó wà lábẹ́ alága kejì ti ṣubú kí ó tó dìde, bó ti wù kí omi náà pọ̀ tó. Ìbéèrè kan péré, “Ta ló ni ọ̀nà yìí?”, ló lè gbà á là. Bí ọ́fíìsì kò bá fẹ́ dáhùn, òfin 2011 lórí ẹ̀tọ́ ará ìlú láti gba àkọsílẹ̀ fún wọn ní ọjọ́ 7 láti fèsì sí ìwé tí ènìyàn bá kọ sí wọn.

Ọ̀rọ̀ ilé ẹjọ́ náà wà níbẹ̀. Ẹni tó kọ ọ́ pé àwọn ará àdúgbò ló sọ pé akápò ẹgbẹ́ jí owó kò tíì bọ́, nítorí títún irọ́ sọ náà jẹ́ ìbanilórúkọjẹ́, ó sì lè mú òun àti ìwé ìròyìn náà jọ jẹ́jọ́.

Ní ti gígé àpilẹ̀kọ kúrú, ìwọ̀nba ni ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀. Bébà tí a ká sí méjì jẹ́ ojú ìwé mẹ́rin, nítorí náà mẹ́rin-mẹ́rin ni ojú ìwé ń pọ̀ sí i, kì í ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ìpolówó ọjà bá dé nírọ̀lẹ́, ìparí àpilẹ̀kọ ni wọ́n máa gé, torí náà kí ohun tó ṣe pàtàkì má ṣe sùn sísàlẹ̀.

Àbùkù ètò yìí wà níbòmíràn. Nítorí pé wọn kì í sábà sanwó fún àpilẹ̀kọ àdúgbò, ẹni tí ó ní èrè mìíràn ń retí ló máa ń kọ̀wé jù: agbẹnusọ olóṣèlú, ẹni tó fẹ́ joyè, ẹgbẹ́ tó fẹ́ ṣayẹyẹ. Bí oṣù kẹjọ bá dé, ọ̀rọ̀ ọdún Ọ̀ṣun á ya lu olóòtú, gbogbo rẹ̀ á sì máa sọ ohun kan náà nípa igbó Ọ̀ṣun tí àjọ UNESCO kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ibi àjogúnbá àgbáyé ní 2005. Ìyá tó ń ta tòmátì, tó mọ iye tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ òun ní ọjà àti ẹni tó ń gbà á, kò ní kọ ìlà kan. Kò sì sí òfin tó ní ọwọ́ ara rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ fi kọ ọ́. Olóòtú lè gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ lórí fóònù, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀, kí ó kà á padà sí i létí, kí ó bi í ní ìbéèrè tó bi olùkọ́ yẹn, kí ó sì fi orúkọ ìyá náà sókè àpilẹ̀kọ, bí ìyá náà bá fọwọ́ sí i.