Àkàtàǹpó

Àkàtàǹpó jẹ́ ohun ìjà tí wọ́n fi ọrun kékeré dè mọ́ orí igi gbọọrọ ní ìdábùú. Bí wọ́n bá fa ọsán rẹ̀, ìyẹn okùn ọrun náà, sẹ́yìn, yóò há sí ojú ihò kan lára igi náà, yóò sì dúró bẹ́ẹ̀ títí ẹni tó dì í mú yóò fi tú u sílẹ̀. Èyí ló fi yàtọ̀ sí ọrun lásán: ọwọ́ kì í ro tafàtafà níbi tó ti ń fojú sun ẹran.

Orúkọ rẹ̀ ní èdè mìíràn

Crossbow ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè é, ìyẹn ọrun tí a gbé dábùú. Orúkọ yìí kò pẹ́ púpọ̀. Nǹkan bí ọ̀rúndún 15 ló wọlé. Arblast ni wọ́n ti ń lò tẹ́lẹ̀, ọ̀dọ̀ àwọn Faransé ni wọ́n sì ti yá a. Arcuballista ti èdè Látìnì ni gbòǹgbò rẹ̀: arcus ni ọrun, ballista sì ni ẹ̀rọ tí àwọn ará Róòmù fi ń ju òkúta lójú ogun. Ballista fúnra rẹ̀ wá láti inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó túmọ̀ sí “jù”. Ti Jámánì ló dùn mọ́ni jù. Armbrust ni wọ́n ń pè é, ó sì ń dún bí “apá” àti “àyà” létí wọn, ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ èdè gbà pé ọ̀rọ̀ Látìnì yẹn kan náà ni wọ́n lọ́ bá ahọ́n ara wọn mu.

Ìtàn

Ṣáínà ti lo àkàtàǹpó ṣáájú ìbí Kristi. Wọ́n hú irin idẹ tí wọ́n fi ń tú ọsán rẹ̀ sílẹ̀ nítòsí ibojì Qin Shi Huang, ọba tó kú ní ọdún 210 ṣáájú ìbí Kristi. Ní 1139, ìgbìmọ̀ ìjọ Kátólíìkì ní Róòmù ka lílò rẹ̀ sí Kìrìsìtẹ́nì ẹlẹgbẹ́ ẹni léèwọ̀. Àkàtàǹpó náà ló ṣe Richard Kìíní, ọba Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, léṣe tó fi kú ní 1199. Ní Gàbọ́ọ̀nù, àwọn ẹ̀yà Fang máa ń fi ṣọdẹ láyé àtijọ́.

Ní agbègbè Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́

Òwe àtijọ́ kan sọ pé “Àkàtàǹpó kò tó ìjà jà, ta ní í mú igi wá kò ó lójú?” Ó jọ pé wọn kò kà á kún ohun ogun gidi. Nínú ìtàn ẹnu Ògbómọ̀ṣọ́ nípa Ògúnlọlá, ọdẹ tó pa Ẹlẹ́mọ̀ṣọ, jagunjagun tó ń yọ Ọ̀yọ́ lẹ́nu, ọrun àti ọfà ni wọ́n sábà máa ń dárúkọ. Lónìí, rọ́bà tí àwọn ọmọdé so mọ́ pàlàkà igi, tí wọ́n fi ń sọ òkúta sí ẹyẹ àti aláǹgbá, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní àkàtàǹpó.