Ebè Tó Kọjú sí Odò

Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀ bí ẹ̀ẹ̀mẹta, ìbéèrè kan náà ni àwọn àgbẹ̀ láti Òkìnní, Ìlobù àti Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun máa ń gbé wá bá àwa tí iṣẹ́ wa jẹ mọ́ ilẹ̀: "Ẹ jọ̀ọ́, ajílẹ̀ wo ló dáa? Ilẹ̀ mi ti ṣá." Bí a bá bá wọn dé oko, a ó rí i pé ebè tò láti orí òkè sọ̀kalẹ̀ tààrà, poro kọ̀ọ̀kan sì kọjú sí odò bí ojú gọ́tà. Àpò ajílẹ̀ kìíní ti bá omi lọ, ìkejì ti tẹ̀ lé e, ìkẹta ni wọ́n ń wá owó rẹ̀ kiri.

Ìtọ́jú ohun àdáyébá ni wọ́n ń pe irú iṣẹ́ yìí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ìtumọ̀ rẹ̀ ni kí a ṣọgbà yí nǹkan ká, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Ìyẹn ni ìpamọ́, ó sì ní ibi tó ti wúlò. Ìtọ́jú gbòòrò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyá tó ń tajà lọ́jà Ìgbọ̀nà mọ̀ ọ́n dáadáa: èrè ni ó ń jẹ, kò jẹ́ jẹ ojú owó. Ẹni tó da gamalin, òògùn apakòkòrò, sódò kó lè pẹja ti jẹ ojú owó, torí ẹyin àti ọmọ ẹja bá a lọ. Ẹni tó gé arère mẹ́wàá láìgbin ẹyọ kan ti jẹ ojú owó. Omi abẹ́ ilẹ̀ náà ní èrè tirẹ̀, ìyẹn òjò ọdọọdún tó rì wọlẹ̀; bí a bá ń fà jù ú lọ, kànga á gbẹ. Góòlù ní tirẹ̀ kì í bímọ. Èyí tí a bá hú lónìí ti tán nìyẹn, nítorí náà ìtọ́jú níbi ìwakùsà ni pé kí a dí kòtò padà, kí a dá ilẹ̀dú tí a kọ́kọ́ hó kúrò sórí rẹ̀, kí omi tí a fi fọ̀ ọ́ má sì wọ odò láìsinmi.

Igbó Ọ̀ṣun tó wà létí ìlú wa, Òṣogbo, jẹ́ ká rí ibi tí agbára ìpamọ́ mọ. Hẹ́kítà 75 ni. Wọ́n sọ apá kan rẹ̀ di ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè lọ́dún 1965, UNESCO sì fi í sára ogún àgbáyé lọ́dún 2005. Akitiyan Susanne Wenger, oníṣẹ́ ọnà ará Austria tí gbogbo wa mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, àti ti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́, wà lára ohun tí kò jẹ́ kí wọ́n ti pín in ní pulọ́ọ̀tì-pulọ́ọ̀tì. Ẹ wọ ibẹ̀ lẹ́yìn òjò, kí ẹ fi ẹsẹ̀ tú ewé tó bolẹ̀: abẹ́ rẹ̀ á tutù, á dúdú, ekòló á wà níbẹ̀. Àmọ́ odò tó gba àárín igbó náà kọjá pọ́n bí tíì tí wọ́n bu mílíìkì sí. Ọgbà tó gba igi là kò lè gba odò, torí láti ilẹ̀ Èkìtì ni Ọ̀ṣun ti ṣẹ̀ wá, ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n ti ń fọ góòlù ló sì gbà kó tó kan Òṣogbo. Àwọn awakùsà ló jẹ̀bi jù nínú àwọ̀ yẹn, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bò wọ́n láṣìírí. Síbẹ̀, gbogbo oko tó wà létí àwọn odò kéékèèké tó ń wọ Ọ̀ṣun ní ìpín tiwọn níbẹ̀, ìpín yìí ni apá wa sì ká.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Òjò mìlímítà 1 lórí ilẹ̀ tó jẹ́ mítà kan ní gígùn àti mítà kan níbùú jẹ́ omi lítà 1. Éékà kan fi díẹ̀ ju irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ 4,000 lọ. Bí òjò ńlá kan bá rọ̀ tó mìlímítà 30, ó di lítà 120,000, omi tánkà 12 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gba 10,000. Bí nǹkan bá bo ilẹ̀, ọ̀pọ̀ rẹ̀ á rì. Bí ilẹ̀ bá wà níhòòhò, tí poro kọjú sísàlẹ̀, ó dà bí ìgbà tí ẹ tú tánkà 12 sórí ìgẹ̀rẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ilẹ̀ tí omi hó lọ lè má nípọn ju mìlímítà 1, èyí tó fi díẹ̀ ju káàdì ATM lọ. Ojú kò ní rí i. Lórí éékà kan, tọ́ọ̀nù 5 nìyẹn, ilẹ̀dú òkè pátápátá sì ni, níbi tí oúnjẹ irúgbìn wà. Ó lè gba ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún kí sẹ̀ǹtímítà 1 rẹ̀ tó tún dá.

Àwọn kan á ní òkúta ń hù lóko àwọn. Òkúta kì í hù. Ẹ bẹ̀rẹ̀ wò ó lẹ́yìn òjò: òkúta wẹ́wẹ́ á dúró lórí òpó ilẹ̀ kékeré, bí ẹni jókòó sórí àpótí. Òjò kò rí abẹ́ rẹ̀ lù, ó wá kó èyí tó yí i ká lọ. Bí òpó yẹn bá ga tó sẹ̀ǹtímítà 1, ẹ ti mọ iye ilẹ̀ tó ti lọ.

Kí ebè dábùú ìgẹ̀rẹ́ ni ọ̀nà àbáyọ, kó sì wà ní ọgbọọgba láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ojú lásán kò lè mọ ọgbọọgba, bó ti wù kí àgbẹ̀ náà dàgbà tó. Irinṣẹ́ tó ń mọ̀ ọ́n kò gbówó lórí: ọ̀pá mẹ́ta tó gún, ìṣó, okùn àti òkúta. Kí ọ̀pá méjì gùn ní mítà 2, kí ìkẹta jẹ́ mítà 1 àti ogún sẹ̀ǹtímítà. Ẹ kan orí àwọn méjì gígùn pọ̀, ẹ ya ẹsẹ̀ wọn tó mítà 2, kí ẹ wá kan ìkẹta dábùú agbedeméjì wọn bíi lẹ́tà A; òun ni férémù yín. Ẹ so okùn mọ́ ìṣó orí, kí ẹ so òkúta tó tó ẹ̀ṣẹ́ ọmọdé mọ́ ìdí okùn náà. Òkúta gbọdọ̀ rẹlẹ̀ kọjá ọ̀pá ìdábùú, kó má kan ilẹ̀.

Ìsinsìnyí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sáré gbé e lọ sóko, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti ń ṣìṣe. Ẹ gbé e dúró sórí ilẹ̀ tó le, kí ẹ kan èèkàn síbi tí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan wà. Jẹ́ kí òkúta sinmi, kí ẹ fi ọ̀bẹ sàmì síbi tí okùn ti kan ọ̀pá ìdábùú. Ẹ yí i padà, kí ẹsẹ̀ ọ̀tún bọ́ síbi tí ti òsì wà, kí ti òsì bọ́ síbi ti ọ̀tún gẹ́lẹ́. Ẹ tún sàmì kejì. Àárín gbùngbùn àmì méjèèjì ni ọgbọọgba. Ẹ gé e jìn, torí òun nìkan lẹ ó máa wò.

Lóko, ẹ fi ẹsẹ̀ kan síbi èèkàn àkọ́kọ́, kí ẹ máa gbé ìkejì sókè sódò títí okùn á fi bọ́ sójú àmì àárín. Ẹ kan èèkàn síbẹ̀, kí ẹ gbé férémù síwájú, bẹ́ẹ̀ títí dé ìpẹ̀kun oko. Ìlà náà á wọ́, á kọ́. Ẹ má fi agídí tọ́ ọ gún. Láti mọ ibi tí ìlà kejì yóò wà, ẹ máa sọ̀kalẹ̀ títí ojú yín, bí ẹ bá kọjú sókè tí ẹ wo ọ̀ọ́kán láìgbé orí, á fi bá ẹsẹ̀ èèkàn ìlà àkọ́kọ́ dọ́gba. Níbi tí ìgẹ̀rẹ́ bá ti ga, àwọn ìlà á súnmọ́ra. Níbi tó tẹ́jú, wọn á jìnnà síra. Ẹ gbin koóko ọba, ọ̀pẹ òyìnbó tàbí agúnmániyè sójú ìlà wọ̀nyí, kí wọ́n fún mọ́ra, kí ẹ wá máa kọ ebè tó kù tẹ̀ lé wọn.

Ohun tó ń bà á jẹ́ kò pọ̀. Ìṣó á tú, àmì á yẹ̀, onítọ̀hún á sì máa bá irọ́ lọ. Atẹ́gùn á máa fì òkúta. Ẹsẹ̀ férémù á rì sínú ilẹ̀ rírọ̀. Ebè tó dagun níbì kan léwu ju èyí tó kọjú sísàlẹ̀ lọ, torí gbogbo omi á wọ́ síbẹ̀, á ya á, á sì gbẹ́ kòtò. Nítorí náà ẹ dí poro ní mítà 2 sí 3 síra, kí ohun tí ẹ fi dí i rẹlẹ̀ ju ebè fúnra rẹ̀ lọ. Bó bá ga tó ebè, omi kò ní rí ọ̀nà kọjá, ẹ̀gẹ́ á jẹrà.

Àwọn kan wà tí wọn kò fẹ́ gbọ́ nǹkan wọ̀nyí. Wọ́n á ní ayé ló gba oko àwọn, wọ́n á da òróró sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ilẹ̀. Ọ̀gbàrá kò mọ òróró. Àwọn mìíràn á lọ ra ajílẹ̀ olómi dúdú nínú ike tí kò kọ iye NPK (nitrogen, phosphorus àti potassium, oúnjẹ irúgbìn mẹ́ta) sára, lọ́wọ́ ẹni tí kò lè sọ ohun tó rò pọ̀. Àwọn tó ń ta òògùn apakoríko sì burú jù wọ́n lọ. NAFDAC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó oúnjẹ àti òògùn, ti fòfin de paraquat láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024 àti atrazine láti ìbẹ̀rẹ̀ 2025. Ẹni tó bá ṣì ń tà wọ́n fún yín fẹ́ pa yín lára. Ẹ má fín òògùn kankan sí bèbè odò. Gbòǹgbò koríko ibẹ̀ ló di bèbè mú.

Iná náà ńkọ́? Wọ́n ní iná ń sọ ilẹ̀ di ọlọ́ràá. Eérú a máa fún irúgbìn lóúnjẹ díẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, òjò àkọ́kọ́ á sì kó ìyókù lọ. Nitrogen bá èéfín lọ, ilẹ̀ wá wà níhòòhò. Àwọn baba wa tó ń fi koríko bo orí ebè iṣu mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ní IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ n'Ìbàdàn, láàárín ọdún 1970 sí 1979, Rattan Lal, onímọ̀ nípa ilẹ̀ tó gba World Food Prize (ẹ̀bùn àgbáyé fún iṣẹ́ oúnjẹ) lọ́dún 2020, wọn ilẹ̀ tó ń ṣàn lọ lórí ìgẹ̀rẹ́ oríṣiríṣi. Níbi tí wọ́n ti fi tọ́ọ̀nù 4 sí 6 koríko gbígbẹ bo hẹ́kítà kan, ìwọ̀nba díẹ̀ ló lọ. Koríko yẹn ò ju nǹkan bí ìdajì kílò lọ fún mítà kan ní gígùn àti níbùú.

Ará ìlú, ẹ má rò pé àgbẹ̀ nìkan là ń bá wí. Pulọ́ọ̀tì kan tí ẹ fi símẹ́ńtì rẹ́ dé ẹ̀yìn ilé ń da nǹkan bí lítà 20,000 sí gọ́tà nínú òjò mìlímítà 30 yẹn. Ìpìlẹ̀ ilé aládùúgbò tó ti yọ síta, omi yín wà lára ohun tó gbẹ́ ẹ. Ẹ fi ìdá kan nínú mẹ́ta sílẹ̀ fún koríko.

Èyí tó kàn mí lọ́kàn jù ni omi Ọ̀ṣun tí àwọn ènìyàn ń pọn sínú ike, tí wọ́n ń tà fún aboyún àti àgàn. Mẹ́kúrì, mẹ́táàlì olómi, ni ọ̀pọ̀ awakùsà kéékèèké fi ń mú góòlù pọ̀ nínú iyanrìn. Èyí tó bá bọ́ sódò, kòkòrò tín-ín-tín inú ẹrẹ̀ á sọ ọ́ di oró tó ń wọnú ẹja, tó ń pọ̀ sí i bí ẹja ńlá ṣe ń jẹ kékeré. Ó ń gba ibi ọmọ kọjá, ó sì ń ba ọpọlọ ọmọ jẹ́ kí wọ́n tó bí i. Òjé wà lára ewu náà: ní Zamfara lọ́dún 2010, òjé tó wà nínú òkúta góòlù tí wọ́n ń lọ̀ nítòsí ilé pa ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọdé. Ẹ má tan ara yín pé ẹ ó se omi náà. Síse ń pa kòkòrò, kò lè pa mẹ́táàlì. Bí omi bá sì ti ń gbẹ nínú ìkòkò, èyí tó kù á tún le sí i. Álọ́ọ̀mù á jẹ́ kó mọ́ lójú, kò ní kí ó mọ́ fún mímu. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ìwúre létí odò, kó ṣe é. Kó má gbé e mu, kó má fi fọ ojú ọmọ, kó má rọ ọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì lọ sílé fún aboyún.