Ara ti fọn, awọ ò tẹ̀lé e: ìbéèrè àti ìdáhùn

Láti ìgbà tí ìròyìn abẹ́rẹ́ tó ń mú èèyàn rù ti gbòde, fídíò àwọn tó ti fọn kò kúrò lórí WhatsApp mọ́, láti Àjàṣẹ́ dé Kétu dé Ṣábẹ̀ẹ́. Ìparí irú fídíò bẹ́ẹ̀ ló ń da àwọn èèyàn láàmú: obìnrin tó ti já ogójì kílò sílẹ̀ á gbé ẹ̀wù sókè, awọ ikùn rẹ̀ á sì rọ̀ wálẹ̀ dé orí itan. Àwọn kan ní oògùn ló jẹ awọ náà. Àwọn kan ní ẹni náà ń ṣàìsàn, kò kàn fẹ́ sọ ni.

Ṣé àrùn ni?

Rárá.

Kí ló dé tí awọ kò fi padà síbi tó wà?

Awọ ara wa ní okùn tín-ín-rín oríṣi méjì nínú: kọ́lájìn tó ń gbé e ró, àti ẹlásítìn tó ń fà á padà bí a bá nà án. Bí èèyàn bá ń sanra, kì í ṣe pé awọ ń nà nìkan, ó ń pọ̀ sí i ni, torí ara gbọ́dọ̀ bo ọ̀rá tó ń wọlé. Bí ọdún bá gorí ọdún lórí ìsanra yẹn, àwọn okùn náà á bàjẹ́, àgbàlagbà kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe ẹlásítìn tuntun mọ́. Ọjọ́ tí ọ̀rá bá lọ, awọ tó ti pọ̀ wà ńlẹ̀, ohun tí ì bá fà á padà ni kò sí.

Kò kan awọ bóyá abẹ́rẹ́ lẹ fi rù, tàbí iṣẹ́ abẹ, tàbí eré sísá láàárọ̀ kùtù. Ohun tó kàn án ni iye kílò tó lọ, iye ọdún tí ìsanra ti wà, ọjọ́ orí, sìgá, oòrùn, àti ohun tí ẹ jogún. Ọ̀dọ́ tó já kílò mẹ́jọ sílẹ̀ lè má rí nǹkan kan. Ẹni àádọ́ta ọdún tó já márùndínláàádọ́ta sílẹ̀, ó ṣòro kó má rí i.

Ṣé ó lè fà padà fúnra rẹ̀?

Díẹ̀, láàárín ọdún kan sí méjì. Kò ní tán.

Abẹ́rẹ́ yẹn gan-an ńkọ́?

Semaglutide lorúkọ oògùn inú rẹ̀. Àwọn onítọ̀ ṣúgà ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é fún lábẹ́ orúkọ Ozempic. Wegovy ni èyí tí wọ́n ń tà fún ìsanra. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń gún un. Nínú ìwádìí kan tó jáde ní 2021, àwọn tó lò ó fún ọ̀sẹ̀ 68 já nǹkan bíi ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo ara wọn sílẹ̀. Ẹni tó wọn 110 kílò, bíi 16 kílò nìyẹn. Iṣan máa ń bá ọ̀rá lọ, ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà sì máa ń wọlé, ìyẹn ni ojú àwọn kan fi ń dà bíi pé wọ́n ti darúgbó láàárín oṣù díẹ̀.

Kí ló dé táwọn èèyàn fi ń sọ pé sídà (AIDS) ni?

Nítorí pé lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá sanra ni ayé ń yẹ. Ẹni tó bá rù, wọ́n á kí i, wọ́n á tún wò ó látòkè délẹ̀, wọ́n á ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kò sí o?" Kó tó dé ilé, àdúgbò ti mọ àrùn tó ń ṣe é, òun nìkan ni kò tíì mọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí n fi ẹ̀fẹ̀ bo nǹkan mọ́lẹ̀. Ẹni tó pinnu láti rù yàtọ̀ sí ẹni tó kàn rí i pé òun ń rù. Bí ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo yín bá lọ láàárín oṣù mẹ́fà sí ọdún kan, láìjẹ́ pé ẹ yí oúnjẹ tàbí iṣẹ́ padà, ẹ lọ rí dókítà. Fún ẹni tó wọn 80 kílò, kílò mẹ́rin péré nìyẹn. Ìtọ̀ ṣúgà lè fà á, ikọ́ ẹ̀gbẹ lè fà á, sídà náà lè fà á, bẹ́ẹ̀ ni jẹjẹrẹ. Gbogbo wọn ló ní àyẹ̀wò, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì ní oògùn. Kò sí èyí tí ẹnu àdúgbò lè yẹ̀ wò.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá awọ ni, àbí ọ̀rá ṣì kù?

Ẹ dúró, kí ẹ fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀là mú ibẹ̀. Bó bá tín-ín-rín bíi ti ẹ̀yìn ọwọ́ yín, awọ lásán ni. Bó bá kún ọwọ́, ọ̀rá ṣì wà ńbẹ̀.

Pọmáàdì tó ń mú awọ le, ṣé ó ń ṣiṣẹ́?

Ó ń ṣiṣẹ́ fún ẹni tó ń tà á. Ibi tí àwọn okùn yẹn ti bàjẹ́ jìn ju ibi tí ìpara ń dé lọ. Kò burú kéèyàn para kí awọ má gbẹ, pàápàá nígbà ọyẹ́, ṣùgbọ́n awọ tó ń fì kò ní tìtorí rẹ̀ gòkè.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù ni pọmáàdì ìbóra. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ní kọ́tísóònù, irú bíi clobetasol, nínú, èyí tó ń mú awọ fẹ́lẹ́ díẹ̀díẹ̀. Awọ tó ti dẹ̀ tẹ́lẹ̀ tún wá fẹ́lẹ́: á máa là, egbò rẹ̀ kò ní tètè jiná, bí dókítà bá sì fẹ́ rán an, òwú á máa ya á. Ẹni tó bá ń bóra tó sì ń ronú iṣẹ́ abẹ, kó sọ fún dókítà, kó má tijú.

Omi gbígbóná àti ọ̀já, bí wọ́n ṣe ń ṣe fún ìyá ìkókó?

Awọ ìlù tó bá dẹ̀, oníìlù á yá a níná, á sì le. Awọ èèyàn kò gba irú ìyẹn; jíjó ló máa jó. Ọ̀já máa ń gbé ikùn dúró, ó sì ń mú ara rọrùn nígbà tó bá wà níbẹ̀. Ẹ tú u, nǹkan padà síbi tó wà.

Eré ìdárayá ńkọ́?

Ẹ máa gbé nǹkan wúwo. Iṣan tó bá yọ á kún abẹ́ awọ díẹ̀ ní apá àti itan. Ti ikùn kì í fi bẹ́ẹ̀ hàn. Ẹ̀wà, ẹyin, ẹja àti wàrà Fúlàní ni kí ẹ fi tì í lẹ́yìn, torí gàrí nìkan kì í kọ́ iṣan.

Iṣẹ́ abẹ wá jẹ́ kí ni?

Òun nìkan ló ń mú awọ tó pọ̀ kúrò. Fún ikùn, dókítà á la ìsàlẹ̀ láti ìbàdí kan dé ìkejì, á ṣí awọ kúrò lórí iṣan títí dé abẹ́ egungun ìhà, á fà á wálẹ̀, á gé èyí tó ṣẹ́kù dànù, á wá la ojú tuntun fún ìdodo kó lè yọ síbi tó yẹ. Bí oyún bá ti ya iṣan ikùn sọ́tọ̀, á rán wọn pọ̀. Àpá rẹ̀ gùn, ó sì wà títí ayé. Ẹni tó bá ní kò ní sí àpá, ẹ bi í bóyá abẹ ló fẹ́ fi ṣe é tàbí ẹnu.

Ewu rẹ̀: ẹ̀jẹ̀, kí ojú egbò kẹ̀ tàbí kó ṣí, kí omi kóra jọ sábẹ́ awọ, àti kí ẹ̀jẹ̀ dì nínú ẹsẹ̀ kó sì gba ẹ̀dọ̀fóró lọ. Fún àwa aláwọ̀ dúdú, àpá tó ń wú sókè tún wà. Ẹ wo ojú gbẹ́rẹ́ yín, tàbí ibi tí wọ́n ti lu etí. Bó bá ga, tó sì ń yún, kí dókítà gbọ́ kó tó mú abẹ.

Ẹ má sì kánjú. Ìwúwo gbọ́dọ̀ ti dúró lójú kan fún oṣù mẹ́fà ó kéré tán, kí ẹ ti pa sìgá tì, kó má sì sí oyún lọ́kàn. Ilé ìwòsàn tó súnmọ́ yín ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n kọ̀wé darí yín sí ilé ìwòsàn ńlá bíi CNHU ní Kútọnù.

Ẹnìkan ní òun lè bá mi mú abẹ́rẹ́ náà wá láti òdìkejì bọ́dà.

Ẹ má gbà á. Ní oṣù kẹfà 2024, Àjọ Ìlera Àgbáyé (OMS) kìlọ̀ nípa ayédèrú Ozempic tí wọ́n rí ní Bìràsílì, Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà. Bí àwọn orílẹ̀-èdè yẹn bá lè jìn sí i, ta ni wá? Kódà kó jẹ́ ojúlówó, inú fíríìjì ló yẹ kó wà títí ẹ ó fi ṣí i. Ẹ wá ro ti èyí tó gba bọ́dà Ìgólò wọlé nínú báàgì orí ọ̀kadà, lọ́sàn-án gangan.

Tí mo bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí ló yẹ kí n máa ṣọ́ra fún?

Ibi tí awọ ti ṣẹ́ lé ara wọn. Òógùn á dúró síbẹ̀, awọ á máa ha awọ, á pọ́n, á máa yún, á sì máa rùn. Nínú ooru Àjàṣẹ́, kì í pẹ́ rárá. Lẹ́yìn ìwẹ̀, ẹ gbé awọ náà sókè, kí ẹ fi tówẹ̀lì tẹ̀ ẹ́ títí tí á fi gbẹ. Ẹ má fi ha á. Ẹ ki aṣọ òwú tó mọ́, irú èyí tó wà káàkiri ọjà Ouando, sáàárín rẹ̀, kí ẹ sì máa pààrọ̀ rẹ̀ bó bá ti tutù. Bí kò bá lọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, fámásì tàbí dókítà á fún yín ní oògùn tó ń pa olú inú awọ, ìyẹn ohun tó ń hù níbi tí òógùn bá dúró sí; kì í ṣe pọmáàdì kọ́tísóònù, torí ìyẹn á bọ́ ọ sanra ni.

Bó bá ń ṣọyún, tí pípọ́n rẹ̀ ń tàn, tàbí tí ibà dé, ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ lọ sílé ìwòsàn. Ẹni tó bá ní ìtọ̀ ṣúgà kò tilẹ̀ gbọ́dọ̀ dúró de ibà.